Bí A Ṣe Ń Tún Ṣáásí Ìjàpá Ṣe, Láti Orí Dé Ìwo Ẹ̀yìn

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí Ìjàpá èyíkéyìí, ìyẹn Volkswagen Beetle ti Jámánì, ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ tà á gbé àga ẹ̀yìn kúrò. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún, ibi tí bátìrì máa ń jókòó sí. Ẹ mú súkúrúdíráífà, ẹ fi gún páànù ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá dún gbángan, ẹ lè máa bá ọ̀rọ̀ owó lọ. Tó bá wọlé bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ, ẹ ti mọ iṣẹ́ tó ń dúró dè yín.

Èmi ò mọ̀ nígbà tí mo ra tèmi. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní 1300 ni, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán bí awò tuntun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo gbé e fún àwọn kan pé kí wọ́n bá mi tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe. Wọ́n gé páànù dúrọ́ọ̀mù, wọ́n gbé e lé ìpẹtà lórí, wọ́n jó etí rẹ̀ yíká, wọ́n wá da kóótà tí wọ́n fi ń ṣe títì bò ó. Owó tí mo san ò kéré. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, ọmọ mi tó jókòó lẹ́yìn ní, "Dádì, mo ń rí títì o." Mo wá tú gbogbo ẹ̀ fúnra mi. Abẹ́ kóótà yẹn tutù rinrin. Omi ti há sáàárín páànù méjèèjì, ìpẹtà sì ti jẹ dé ara tọ́nẹ́ẹ̀lì, irin gbọọrọ tó gba àárín ilẹ̀ ọkọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ṣe é, mo tún kọ́gbọ́n míì: téèpù ni kó ṣáájú gíráńdà. Màá sọ bó ṣe jẹ́ tó bá yá.

Ohun tó wà lábẹ́ ìkarahun

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹ mọ̀, Peugeot 504 wà nínú wọn, bọ́dì àti ilẹ̀ wọn ti jó pọ̀ di ẹyọ kan. Ti Ìjàpá ò rí bẹ́ẹ̀. Ìkarahun ni bọ́dì rẹ̀ lóòótọ́: bóòtù ló dè é mọ́ ṣáásí, tí ẹ bá tú wọn tán, èèyàn mẹ́fà á gbé e kúrò bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ àtijọ́ kọ́wọ́ pé Ìjàpá ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Páàtì rẹ̀ náà ò tíì pòórá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Òjó, l'Ékòó níbí, ní 1975, Brazil ṣe é títí di 1996, Mexico sì ṣe é títí di oṣù keje 2003, nígbà tí èyí tó kẹ́yìn nínú ohun tó lé ní mílíọ̀nù 21 jáde ní Puebla.

Ẹ mọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tọ́nẹ́ẹ̀lì tó gba àárín kọjá ni ọ̀pá ẹ̀yìn. Páànù ilẹ̀ méjì, ọ̀tún àti òsì, ni wọ́n jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níwájú, tọ́nẹ́ẹ̀lì yìí fẹ̀, ó di orí ṣáásí, níbi tí bóòtù mẹ́rin ti mú ìdábùú tó gbé ẹsẹ̀ iwájú. Lẹ́yìn, ó pín sí méjì bí ìwo. Ìwo méjèèjì ló gbé gíáàbọ́ọ̀sì, gíáàbọ́ọ̀sì ló sì gbé ẹ́ńjìnnì. Páìpù ńlá kan dábùú níbi tí ìwo ti bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ ni tọ́ṣọ̀n báà wà, ìyẹn irin gbọọrọ tó ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Kí ẹ tó lọ ra páànù tuntun ní ọjà Ladípọ̀ tàbí kí ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ wo ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ọwọ́ tí sítíárì wà: ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lọ́wọ́ òsì títì, nítorí náà Ìjàpá tó bá ti wà nílẹ̀ yìí ṣáájú ìgbà náà lè jẹ́ èyí tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ibi tí pẹ́dà ń jókòó sí lára ṣáásí rẹ̀ á sì yàtọ̀. Èkejì, àga iwájú: láti ìran 1973 ni irin tí àga ń gùn lórí páànù ti yí padà, páànù ti tẹ́lẹ̀ ò sì ní gba àga ti ẹ̀yìn ìgbà náà. Ẹ̀kẹta, tó bá jẹ́ 1302 tàbí 1303 ni tiyín, orí ṣáásí rẹ̀ ò jọ ti 1300 rárá, torí ẹsẹ̀ iwájú tiwọn ò lo ìdábùú. Ẹni tó bá ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan

Nọ́ńbà ṣáásí wà lórí tọ́nẹ́ẹ̀lì, lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà rọra fọ̀ ọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi wé ìwé ọkọ̀. Ibẹ̀ ò gbọ́dọ̀ rí gíráńdà láé. Ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ti pa rẹ́, àlàyé tí ẹ máa ṣe fún ọlọ́pàá lójú pópó á gùn ju iṣẹ́ yìí lọ.

Bí ọkọ̀ ṣe wà lórí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tú nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 ló ń mú un, ó sì le bí òkúta. Ẹ nílò ọ̀pá gígùn lára sípánà, kí ẹlòmíì sì tẹ búréèkì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì kó tó ṣe èyí, ọkọ̀ lè já lé e lórí.

Ẹ wá fa epo inú táǹkì dànù sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ yọ táǹkì, ẹ yọ bátìrì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ewu ti tán nígbà náà. Kò tí ì tán, torí páìpù epo gba inú tọ́nẹ́ẹ̀lì kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, epo tó kù sínú rẹ̀ tó láti jó èèyàn. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ inú páìpù yẹn, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ títí tí òórùn epo ò fi sí mọ́, ṣáájú kí iná wẹ́dà tó súnmọ́ ọn.

Téèpù ló kàn báyìí. Ẹ wọn àlàfo ilẹ̀kùn méjèèjì, lókè, láàárín, nísàlẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wọn ṣáásí láti igun sí igun lẹ́ẹ̀mejì: láti ihò bóòtù tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún dé èyí tó wà níwájú pátápátá lọ́wọ́ òsì, kí ẹ tún ṣe é láti òsì sí ọ̀tún. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bébà máa ń sọnù. Lẹ́yìn náà, ẹ jó irin onígun mẹ́rin kan sínú ojú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, láti ibi ìdè ilẹ̀kùn dé ibi kọ́kọ́rọ́, kí bọ́dì má baà tẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e kúrò. Pàápàá tí irin oníhò tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn bá ti jẹ. Torí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí wọ́n ń lò nílùú olótùútù ni wọ́n ṣe da irin náà. Àwa ò nílò ooru o, ọlọ́run ti fún wa ní tiwa, ṣùgbọ́n irin yẹn ni agbára ẹ̀gbẹ́ bọ́dì.

Gbígbé ìkarahun kúrò

Ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ jáde: bóòtù àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dè é mọ́ gíáàbọ́ọ̀sì, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, sípánà 17. Ó wúwo tó ọgọ́rùn-ún kílò, ẹ má fàyà gbé e. Jáàkì onítáyà ni kó gbà á.

Ẹ já wáyà iná, páìpù tó ti inú ike ọ́ìlì búréèkì wá, sítíárì, àti wáyà odómítà tó gba inú ẹsẹ̀ iwájú òsì. Bóòtù tó dè bọ́dì mọ́ etí páànù jẹ́ olórí 13. Àwọn ńlá olórí 17 wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi sọ́ọ̀kù ẹ̀yìn, lábẹ́ ibi tí táǹkì epo ti kúrò, àti lórí ìdábùú iwájú. Méjì tó wà lórí ìdábùú yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé. Wọ́n á máa fà, wọ́n á máa ṣépè fún Jámánì, ọkọ̀ ò ní mira.

Ẹ da ọ́ìlì tó ń rọ ìpẹtà sí bóòtù wọ̀nyí lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Èyí tó bá sì kọ̀, ẹ gé orí rẹ̀. Bóòtù tuntun ò wọ́n.

Fífọ̀ ọ́ dé ara irin

Tí ẹ bá rí ẹni tó ń fi iyanrìn fọ irin, ẹ gbé ṣáásí lọ bá a, ó sàn ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè irú iyanrìn tó ń lò. Iyanrìn etí òkun ní iyọ̀ nínú, ńṣe ló máa gbin ìpẹtà míì sára irin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Iyanrìn lásán tó gbẹ náà ní eruku tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí ayé. Ẹni tó bá so aṣọ mọ́mú lásán ti ṣe àṣìṣe. Ìbòjú tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ìta ló yẹ kó lò. Ẹ di gbogbo ihò tọ́nẹ́ẹ̀lì kí iyanrìn má wọ inú rẹ̀, torí yóò ba wáyà kílọ́ọ̀ṣì jẹ́.

Nígbà tí irin bá ti funfun, ẹ ó rí òótọ́. Ẹ fi hámà kékeré kan gbogbo ara rẹ̀, ẹ máa tẹ́tí. Irin tó le a máa dún. Irin tó ti jẹ a máa dákẹ́. Níbi tó bá ti dákẹ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká.

Páànù ilẹ̀: ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan

Mo ní màá sọ bó ṣe jẹ́. Mo gé páànù ọ̀tún àti òsì jáde lọ́jọ́ kan náà, nítorí mo yá gíráńdà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó sì ń béèrè rẹ̀. Tọ́nẹ́ẹ̀lì nìkan ló kù nílẹ̀, ó gùn gbọọrọ. Mo jó páànù tuntun mọ́ ọn, ó rẹwà. Ìgbà tí a gbé bọ́dì padà lé e, ihò bóòtù ẹ̀yìn méjì ò bá ara wọn mu. Ó fi ìwọ̀n ìka kan yẹ̀. Tọ́nẹ́ẹ̀lì ti lọ́ díẹ̀ lábẹ́ iná, n ò sì ní nọ́ńbà kankan tí mo lè fi wé e. Mo gé gbogbo rẹ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé ṣáásí sórí irin tó tẹ́jú, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kó má yẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ pé ásíìdì bátìrì ló jẹ ẹ́. Lára etí tọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ ó rí àmì róbótó kéékèèké tó tẹ̀ lé ara wọn: ibẹ̀ ni wọ́n ti fi iná mú páànù mọ́ ọn nílé iṣẹ́. Ẹ fi díríìlì 8 lu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kó wọ páànù nìkan, kó má lu etí tọ́nẹ́ẹ̀lì já. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tó bá yára fi gíráńdà gé e lọ gbọọrọ a máa gé etí tọ́nẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, kò sì ní sí ibi tí páànù tuntun á dì mú mọ́.

Tí ẹ ò bá rí páànù tí wọ́n ti tẹ̀, panẹ́bítà tó mọṣẹ́ lè tẹ ọ̀kan láti ara irin tútù geji 18, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 1.2. Kó rí i dájú pé ó tẹ àwọn ìlà wúúwú ara rẹ̀ padà. Àwọn ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ máa mì gbọ̀n-ìn gbọ̀n-ìn. Kó má lo páànù tí wọ́n fi ń bo ilé. Síńkì wà lára ìyẹn, èéfín rẹ̀ nígbà tí iná bá kàn án a máa dá ibà síni lára lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ lu irú ihò 8 kan náà sí etí páànù tuntun, ẹ gbé e sí i, ẹ fi kíláǹbù mú un. Ẹ má tíì jó o. Ẹ pe èèyàn mẹ́fà yẹn padà, ẹ gbé bọ́dì lé e, kí ẹ fi bóòtù díẹ̀ mú un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àlàfo ilẹ̀kùn, kí ẹ fi wé nọ́ńbà ara ògiri. Wọ́n á kùn, wọ́n á ní ṣé ẹ̀yin ò mọ ohun tí ẹ fẹ́ ni. Ẹ fún wọn ní mọ́ọ̀tì mu. Ìgbà tó bá bá nọ́ńbà mu ni kí ẹ fi iná tọ páànù níbi mẹ́wàá sí méjìlá kó lè dúró, kí ẹ tó gbé bọ́dì kúrò, kí ẹ sì jó ihò tó kù.

Nípa jíjó, mo mọ̀ pé gáàsì ni ọ̀pọ̀ panẹ́bítà wa ń lò, àwọn kan mọ̀ ọ́n lò débi tó jẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n gáàsì a máa gbóná ká ibi tó fẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ a sì kákò. Tí ẹ bá rí MIG, ìyẹn ẹ̀rọ wẹ́dà oníná mànàmáná tí wáyà ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, òun ni kí ẹ lò, wáyà 0.8, kí ẹ máa kún ihò 8 yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jó ọ̀kan níwájú, ẹ lọ jó ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ padà sáàárín. Ẹ má tẹ̀ lé e láti orí dé ìdí bí ẹni ń rán aṣọ.

Orí ṣáásí àti ìwo

Ọ́ìlì búréèkì a máa bó ọ̀dà. Ibi tí pọ́ǹpù búréèkì wà lára orí ṣáásí, tó bá ń jò láti ọdún pípẹ́, irin ìsàlẹ̀ ibẹ̀ á ti jẹ. Páànù abẹ́ orí yìí ni omi máa ń dúró sí. Ẹ lè gé e, kí ẹ fi tuntun síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìdábùú iwájú wà lórí bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jó o, kó lè mú ihò wọn dúró sójú kan. Ìdábùú tó bá wọ́ díẹ̀ báyìí, táyà iwájú lẹ máa fi san án.

Tí ìwo ẹ̀yìn bá ti fọ́ tàbí tó tẹ̀, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi ọwọ́ àgbélé ṣe é. Ẹ wá ṣáásí tókùnbọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dára, tàbí kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ní irin ìwọ̀n fún un. Ẹ má sì tú tọ́ṣọ̀n báà láìnídìí. Agbára ńlá ló fà abẹ irin tó dè é mọ́ ẹsẹ̀ le. Tó bá yọ lójijì, egungun apá lásán ni fún un. Tó bá pọn dandan, jáàkì gbọ́dọ̀ gbé e mú, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù irin fà ìlà kọjá lára rẹ̀ àti lára ṣáásí kí gíga ọkọ̀ má baà yí padà.

Inú tọ́nẹ́ẹ̀lì

Ibi tí kò sí ẹni tó máa ń wò nìyí. Páìpù kéékèèké wà nínú rẹ̀ fún wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ti àkúsẹ̀lẹ́rétọ̀, ti búréèkì ọwọ́. Ẹ fi ọwọ́ di ìdí páìpù kílọ́ọ̀ṣì mú lẹ́yìn, kí ẹ fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tó bá ń mì, ìdè rẹ̀ ti já nínú, ọkọ̀ tí ẹ bá tò pọ̀ báyẹn á máa gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ gé fèrèsé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ tọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ jó ìdè náà, ẹ dí fèrèsé padà. Ìsinsìnyí ni kí ẹ pààrọ̀ páìpù epo náà, torí lẹ́yìn tí bọ́dì bá ti bọ́ sórí rẹ̀, ìgbà míì ò sí mọ́.

Ọ̀dà

Red oxide, ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun irin, nìkan ò tó. Ó ń mu omi bí ìkòkò amọ̀. Epoxy, ọ̀dà oníike méjì tí a ń pò pọ̀, ni mo ń lò lórí irin funfun, kí wákàtí mẹ́rin tó kọjá lẹ́yìn tí mo bá fi tínà nù ún tán. Àsìkò ọyẹ́ dára fún un. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ fọwọ́ kan irin ní ìdájí: tó bá ń làágùn, ẹ dúró títí oòrùn á fi gbóná. Ẹ fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé dí gbogbo ìrán tí páànù ti bá tọ́nẹ́ẹ̀lì pàdé, lókè àti lábẹ́. Kí ẹ wá kùn ún dúdú. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fín wáàsì sínú tọ́nẹ́ẹ̀lì láti ẹnu ihò rẹ̀, títí á fi máa kán jáde nísàlẹ̀. Kóótà? Ẹ fi í sílẹ̀ fún títì.

Títò ó padà

Rọ́bà tuntun ni kó wà láàárín bọ́dì àti etí páànù, yíká. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sára bóòtù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ mú gbogbo wọn kí ẹ tó fi sípánà le ọ̀kankan. Páìpù búréèkì àti rọ́bà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tuntun ni. Ẹ má ronú lé e lórí.

Ọ̀dà tó dára kì í jẹ́ kí iná kọjá. Rẹwáyà lè wá tú dásíbọ́ọ̀dù yín palẹ̀ fún ọjọ́ méjì nítorí pé sítáátà ò yí, kó sì jẹ́ pé ibi tí wáyà nẹ́gétífù bátìrì ti so mọ́ páànù ni ọ̀dà bò. Ẹ ha ibẹ̀ mọ́, àti ibi tí wáyà gíáàbọ́ọ̀sì so mọ́. Nọ́ọ̀tì 36 ti ẹ̀yìn gba nǹkan bíi Nm 300. Tí ihò píìnì ò bá bá ara mu, ẹ tún fi kún un, ẹ má dín in kù.

Ẹ gbé bátìrì padà sáyè rẹ̀, lórí páànù ọ̀tún tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Kí ẹ tó gbé àga ẹ̀yìn lé e, ẹ wá ìbòrí ike fún orí bátìrì náà. Sípíríǹgì irin wà lábẹ́ àga yẹn. Tí bọ̀dá kan tó sanra bá jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, ó lè tẹ sípíríǹgì lé tẹ́mínà méjèèjì, timùtimù á sì gbiná lábẹ́ rẹ̀.